Láníhùn àti Ewé Funfun Orí Òkè Ìrì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn ti ògiri, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ibi tí ẹ ó fìdí lé. Ẹni tó bá ní ife tíì lọ́wọ́, kí ó gbé e sílẹ̀ ná, nítorí bí mo bá parí ọ̀rọ̀ yìí, ó lè má wù ú mu mọ́. Mo ní ìyanu fún yín: mo ní ọjà tí àwọn iwin ń ná lọ́sàn-án gangan, mo ní igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ ń sáré, mo ní òkè tí ìyá arúgbó kan ti ń já ewé láti ìgbà tí ayé ṣì wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n n kò ṣèlérí ẹ̀rín. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí akọni ti ń padà wálé pẹ̀lú ariwo ayọ̀, kí ó tètè dìde, kí èmi àti òun má fi àkókò ara wa ṣòfò. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sún mọ́ mi.

Ìlú Òkè-Ìrọ̀ ni Láníhùn ń gbé. Ahunṣọ ni, ọmọ ahunṣọ, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá jókòó sídìí òfì láàárọ̀, ọ̀kọ̀ tí ń fa òwú kiri nìkan ni ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ìyá rẹ̀ ni Ìbídùn, Ìbídùn afínjú tí í gbálẹ̀ kí adìyẹ tó sọ̀ kalẹ̀, Ìbídùn òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, Ìbídùn olóhùn tútù tí ọmọ tó ń sunkún a máa dákẹ́ kí ó lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ogbó dé, ó sì mú ìgbàgbé dání bí ẹni mú ẹrú wọlé. Obìnrin yìí kọ́kọ́ gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé ọ̀nà oko, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbàgbé orúkọ Mojírọ́lá, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin tí ń wẹ̀ ẹ́ tí sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Níkẹyìn ó gbàgbé Láníhùn pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ọmọ yìí wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé ara sókè díẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń wá?" Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí a ti ń kí àlejò, òun tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí ó ti bí i ni ó ti ń pè é ní Àkànmú, oríkì tí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó ń pè é mọ́ àfi òun. Láníhùn bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì sunkún.

Ohun kan ṣoṣo ni ìgbàgbé kò rí kó lọ. Nígbà tí Ìbídùn wà lọ́mọdébìnrin, ìyá tirẹ̀, tí ń ta iyọ̀ kiri, fà á lọ́wọ́ gun òkè tútù kan ní ọ̀nà jíjìn, ará òkè náà kan sì bu ewé funfun díẹ̀ sínú igbá, ó da omi lé e, ó gbé e fún wọn. Ìbídùn a máa sọ ọ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá: "Ewé náà ní irun lára, bíi ti ẹ̀yìn etí ọmọ tuntun. Omi rẹ̀ kò dúdú. Kò pariwo lẹ́nu. Ìyá mi ní, 'Àwẹ̀ró, rọra mu ún.' Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dùn." Lẹ́yìn náà a wo ojú gbogbo ẹni tó jókòó tì í, a ní, "Tíì funfun náà dà?"

Láníhùn ra tíì. Ó ra èyí tí wọ́n ya ẹṣin funfun sí lára, ó ra èyí tí wọ́n fi bébà tó ń dán wé, ó ra èyí tí ọlọ́jà búra lé lórí pé àwọn ọba nìkan ní í mu ún. Ìyá rẹ̀ yóò fi ètè kan ife, yóò gbé e sílẹ̀, yóò ní, "Èyí kọ́." Kò bínú, kò ráhùn, "Èyí kọ́" náà ni. Àwọn tíì agolo wọ̀nyí, mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ẹ ó ro ṣúgà sí i títí ṣíbí yóò fi lè dá dúró, ẹ ó da mílíìkì lé e títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ, ẹ ó ní tíì lẹ ń mu. Ṣúgà àti mílíìkì lẹ ń mu, ẹ̀yin ará mi. Ewé tó wà nísàlẹ̀ ife yín ti kú tipẹ́, ẹ kò sì mọ̀, nítorí ahọ́n yín ti bá a lọ.

Ó wá dá Láníhùn lójú pé bí adùn yẹn bá tún kan ahọ́n ìyá òun, ilẹ̀kùn tó ti tì yóò ṣí, yóò wo ojú òun, yóò sì pe òun ní Àkànmú lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó kú. Kò fẹ́ ju ìyẹn lọ. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìdí ààrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ lọ wá ewé náà níbi tó ti ń hù."

Mojírọ́lá kò gbójú sókè. Ó ní, "Láníhùn, bí o bá pẹ́, ẹní lásán lo máa bá."

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi mú Ìyá dání."

"Ọwọ́ mi náà ló ti wà tẹ́lẹ̀. Máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ."

Láníhùn ká aṣọ pélébé kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó fi sí àpò, ó sì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ibi tí ó kọ́kọ́ dé ni Ọjà Agolo. Iwin ni gbogbo àwọn tó ń tajà níbẹ̀, wọ́n sì lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá yí padà, ihò ni ẹ̀yìn wọn, èèyàn á máa wo inú wọn bí ẹni ń wo inú agolo tí wọ́n ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán. Olórí wọn ni Adán-bí-Agolo, Adán-bí-Agolo tí oòrùn ń ya ojú fún, aláwòrán mèremère, a-sọ̀rọ̀-bí-ẹni-ń-fún-ni-lọ́rẹ. Ó na agolo kan sí Láníhùn, ó ní, "Àlejò, kò sí ẹni tó ń gba ọjà mi kọjá láìmu. Mu tíì funfun mi, kí o sì sọ pé ó dùn, kí o máa lọ." Láníhùn ṣí agolo náà, ó bu ewé sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Funfun náà fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹfun lílọ̀ ni wọ́n wọ́n sórí ewé gbígbẹ tí wọ́n gbá nílẹ̀, wọ́n sì fi lọ́fínńdà sí i kí ó lè máa ta sánsán.

Láníhùn ní, "Èyí kọ́ ni ìyá mi ń bèèrè."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí inú rẹ̀ tó ṣófo fi ń dún. Ó ní, "O rò pé èmi ni mo kọ́ aráyé ní irọ́. Mo ta ojúlówó rí. Mo gbé e dé Òkè-Ìrọ̀ yín pàápàá. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní omi lásán ni, wọ́n ní kò dúdú, wọ́n ní kò korò, wọ́n dá a padà fún mi. Ìgbà tí mo wá wọ́n ẹfun sórí pàǹtí, wọ́n tò síwájú mi. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké? Máa lọ, n kò ní dá ọ dúró. Ewé tí o ń wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, bí o bá sì rí i, inú ilé yín ni yóò ti bàjẹ́." Láníhùn rántí pé nínú ilé tiwọn pàápàá, wọ́n ti da irú tíì bẹ́ẹ̀ nù rí. Ó kọjá lọ.

Lẹ́yìn ọjà náà ni Igbó Ìkánjú wà. Ilẹ̀ igbó yìí kì í dúró: bí ẹsẹ̀ èèyàn bá yá, ilẹ̀ náà á yá ju ẹsẹ̀ lọ, á sì máa gbé e padà sẹ́yìn. Láníhùn, tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ẹní ìyá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí ó ti ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu igbó ń sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn. Ó rí àwọn arìnrìn-àjò tó ti ń sáré níbẹ̀ láti ayé baba wọn, gbòǹgbò ti yọ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Níkẹyìn ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbín ńlá kan tí ìkarahun rẹ̀ ga tó ilé.

Ìgbín náà ní, "Ta ló ń lé ọ, ìwọ ọkùnrin yìí?"

"Ikú ló ń lé ìyá mi, Baba."

"Ikú kì í sáré. Ó ń rìn ni, ìdí nìyẹn tó fi ń bá gbogbo èèyàn. Bọ́ sẹ́yìn mi, kí o máa rìn bí mo ṣe ń rìn."

Láníhùn tẹ̀ lé ìgbín. Ó rìn débi pé koríko hù sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó gbé òmíràn, ó sì mọ̀ pé bí òun ti ń ra ẹsẹ̀ gbé yìí, èémí ìyá òun ń tán lọ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún aláìní pé onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ kì í sọ bí ebi ṣe ń pa ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé wàrà náà fún. Ọkùnrin yìí sunkún gba inú igbó náà kọjá, kò sì sáré mọ́.

Báyìí ni ó dé orí Òkè Ìrì, níbi tí ìkùukùu ti ń jókòó sílẹ̀ bí àgùntàn. Ìyá Onírì ló ń ṣọ́ ibẹ̀, arúgbó tí ìrì ń kán láti irun orí rẹ̀, tí ìka rẹ̀ gùn tó sì rọ̀. Kùkùté igi ló yí i ká, ó pọ̀ lọ súà. Igi kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó ní ewé. Arúgbó náà sọ fún Láníhùn pé àwọn ọlọ́jà ti wá, wọ́n já ewé àgbà mọ́ ọ̀dọ́, wọ́n gé ẹ̀ka nítorí pé ọwọ́ kò yá tó, àwọn igi náà sì kú. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi ewé mi ṣe?"

"Ìyá mi fẹ́ tọ́ ọ wò kí ó tó lọ, Ìyá."

"Kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ nìkan lo bá wá."

Láníhùn dorí kodò. "Mo fẹ́ kí ó pe orúkọ mi."

"Ewé kì í ṣèlérí," ni Ìyá Onírì wí. "Ṣùgbọ́n wá, kí á já a."

Kí oòrùn tó yọ, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, ni wọ́n ń já a, ọ̀mùnú tí kò tíì ṣí nìkan, èyí tí irun funfun bò. Bí ọwọ́ ẹni tó ń já a bá wúwo, ọ̀mùnú náà á dúdú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibí yìí ni iṣẹ́ òfì ti ran Láníhùn lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ti ń so òwú tó já láti kékeré mọ bí a ti ń di ohun ẹlẹgẹ́ mú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àtẹ ní ibòji, wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Wọn kò yan án, wọn kò fọwọ́ rá a, wọ́n kàn dúró tì í ni. Nígbà tí ó gbẹ, gbogbo rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Láníhùn dì í sínú aṣọ tí ó hun, Ìyá Onírì sì gbé ọwọ́ tútù lé e léjìká.

Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tíì yòókù láyé ti rí iná; èyí kò mọ iná, má sì ṣe fi hàn án. Má sè é. Omi ìsun ni kí o bu, kì í ṣe omi kànga. Jẹ́ kí ó hó, jẹ́ kí ó sinmi títí wàá fi lè na ọwọ́ sókè rẹ̀ láìfà á sẹ́yìn, kí o tó dà á lé e. Sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí yóò bá ọ dé ìdí ààrò. Igi mi yìí náà ń kú lọ, kò ní sí òmíràn." Láníhùn ní òun gbọ́. Gbígbọ́ ni ó gbọ́ lóòótọ́.

Ó rọra gba ọ̀nà tó bá wá padà, ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan ni ó sì wọ Òkè-Ìrọ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ó ti fúyẹ́ débi pé aṣọ tó bò ó kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ẹní lọ. Mojírọ́lá náà ti rù, omi fífọ aṣọ aláìsàn ti la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ewé náà rèé."

"O ṣeun, Láníhùn. Láti àná ni kò ti gbé nǹkan mì. O dé lásìkò."

"Mo ń lọ pọn omi ìsun wá."

Ó ya ẹnu láti sọ èyí tó kù. Ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó là, ó rántí pé obìnrin yìí ló ti ń dáná fún òun kí òun tó mọ ìrìn, àti pé nínú ilé wọn, bí ó ti rí nínú ilé tiyín, àbúrò kì í kọ́ ẹ̀gbọ́n ní ohun ìdí ààrò. Ojú tì í. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní pẹ́ dé, òun ni òun yóò ṣe é fúnra òun. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó gbé agbè, ó lọ.

Ẹ má bínú sí Mojírọ́lá. Ní Òkè-Ìrọ̀, ewé tí a bá já fún aláìsàn, àgbo ni, àgbo sì nìyí, sísè ni: a ó sè é títí omi yóò fi dúdú, a ó ju kán-ún sí i kí agbára ewé lè jáde, bí kò bá sì korò, a ó ní ọ̀lẹ ló sè é. Obìnrin yìí tú aṣọ náà, ó rí i pé ewé tí àbúrò rẹ̀ fi ẹsẹ̀ àti ẹkún wá kò tó nǹkan, àánú ṣe é. Ó pinnu pé ìkankan nínú agbára rẹ̀ kò ní ṣòfò. Ó kó o sí ìkòkò, ó ju kán-ún sí i, ó sì fi ìró ara rẹ̀ fẹ́ iná náà.

Láníhùn gbọ́ òórùn kán-ún kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mojírọ́lá jáde pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ife tó ń ru èéfín, ó ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní, "Ó ti jinná. Mo rí i pé kò pọ̀, mo rí i dájú pé ó sè." Ohun tó wà nínú ife náà dúdú. Láníhùn gbé agbè sílẹ̀. Wọ́n fa ìyá dìde, wọ́n fi ife kan ètè rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì yí ojú kúrò.

Ó ní, "Èyí kọ́."

Mojírọ́lá wo àbúrò rẹ̀, ojú tí ó rí níbẹ̀ sì yé e. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"N kò fẹ́ kọ́ yín ní ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi."

Mojírọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Nínú ilé yìí, omi dànù, agbè náà sì ń fọ́ lójú wọn.

Láníhùn gbé aṣọ tí wọ́n fi di ewé, bóyá láti fi nu ojú ara rẹ̀, ó sì rí ọ̀mùnú kan ṣoṣo tí irun rẹ̀ há sáàárín òwú. Kò kígbe. Ó gbé omi ìsun kaná, ó hó, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sókè rẹ̀, ó sì dúró bí ìgbín ti kọ́ ọ, pẹ̀lú bí èémí ìyá rẹ̀ ti ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó da omi náà lé ọ̀mùnú, ìwọ̀nba ẹnu kan péré. Àwọ̀ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ti omi. Ó gbé orí ìyá rẹ̀ lé itan, ó rọra dà á sí i lẹ́nu. Ìbídùn mú un dání lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé e mì. Lẹ́yìn tí ó gbé e mì tán ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó mọ́, ó sì kún fún ayọ̀ bí ojú ọmọdé.

Láníhùn tẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá, èmi ni. Àkànmú yín ni."

Ìyá rẹ̀ wò ó dáadáa. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ti ta iyọ̀ tán? Òtútù ń mú mi."

Láníhùn wá mọ ibi tí ilẹ̀kùn náà ṣí sí. Orí òkè tútù ló ṣí sí, ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kan òun láyé, kò sì sí Àkànmú kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó rìn gbogbo ọ̀nà yẹn nítorí rẹ̀, kò sí lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ́ láéláé. Ó mú aṣọ tí ó hun, ó fi bo èjìká ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti tà á tán, Àwẹ̀ró. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi orí tì í láyà, ó sùn. Kò jí mọ́.

Àwọn ará ìlú wá bá wọn kẹ́dùn, wọ́n gbé búrẹ́dì, mílíìkì àti tíì agolo wá, bí ìṣe wa. Ẹnì kan bi Láníhùn bí tíì orí òkè náà ti rí, àti pé ṣé ó korò. Ó ní rárá. Ṣé ó dúdú? Ó ní rárá. Onítọ̀hún ní, "Omi lásán nìyẹn," ó sì ń ro ṣúgà lọ. Kò pẹ́ tí agolo tuntun fi dé ọjà Òkè-Ìrọ̀, wọ́n ya ìyá arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín sí i lára, wọ́n kọ ojúlówó sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tà wàràwàrà. Láníhùn padà sídìí òfì rẹ̀. Bí Mojírọ́lá bá gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, n kò ní fi í pamọ́ sábẹ́ ewé. Èké kò lágbára tó bí a ti rò, àwa la fi ahọ́n wa bọ́ ọ. Ojúlówó kì í pariwo, nítorí náà ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló yẹ kí ó lẹ́nu. Ohun tí a fi gbogbo agbára wá láti ọ̀nà jíjìn, ìtìjú kékeré kan lè bà á jẹ́ ní ìdí ààrò, pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn wa. Bí o bá ní ohun tòótọ́ kan nílé, sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó kí o tó gbé agbè lọ sódò, kí o sì sọ ọ́ fún àgbà pàápàá, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ bí ó bá gba ìkúnlẹ̀. Mo gbọ́ pé igi orí Òkè Ìrì ti kú. Ẹ lè gbé ife yín báyìí; ó ti tutù.